Ẹ Má Fi Nǹkan Kan Sí I: Ọ̀rọ̀ Lórí Iná, Awọ Ara àti Eegun Tó Kán

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin olóúnjẹ tẹ́ ẹ pa ìkòkò tì wá síbí lọ́sàn-án yìí, àtẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn yẹn, ẹ wá jókòó jàre. Wọ́n ní kí n wá bá ẹgbẹ́ olóúnjẹ sọ̀rọ̀ lórí iná, mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi ti eegun kún un, torí ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n jọ ń wọlé ni, ẹni tí gáàsì bú mọ́ wà ní bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ohun tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì di ńlá mọ́ wa lọ́wọ́, ohun kan náà ni. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ jáde. Awọ ara mọ bó ṣe ń wo ara ẹ̀ sàn, eegun náà mọ̀ ọ́n, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Iṣẹ́ tiwa, tẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti tàwa tá a wà lọ́sibítù, ni pé ká má dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìyà tí mo ń rí lójoojúmọ́, àwọn èèyàn ló ń fọwọ́ ara wọn fà á lẹ́yìn tí iná ti kú tán, nípa ohun tí wọ́n fi pa á àti ohun tí wọ́n fi dì í.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látara awọ. Awọ ara àgbàlagbà tó nǹkan bíi súkúẹ̀ mítà kan àtààbọ̀ sí méjì tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Òun ló ń dá omi ara dúró ká má gbẹ, òun ló ń dá kòkòrò dúró síta, òun ló sì ń jẹ́ kí ara gbóná bó ṣe yẹ. Tí iná bá wá gba awọ lọ, omi ara á máa jò lójú egbò, kòkòrò á rí ọ̀nà wọlé, òtútù á sì mú èèyàn kódà nínú ooru yìí. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Awọ yìí ní ipele. Ti òkè fẹ́lẹ́, ó ń bó dànù díẹ̀díẹ̀ tá ò sì mọ̀, tuntun ń hù rọ́pò ẹ̀ láàárín bí oṣù kan. Ti ìsàlẹ̀ nípọn, ibẹ̀ ni gbòǹgbò irun wà, ibẹ̀ ni òógùn ti ń wá, ibẹ̀ náà ni iṣan tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan ń dùn wá wà. Ìdí gbòǹgbò irun yẹn gan-an ni awọ tuntun ti ń jáde lẹ́yìn iná, bí oko tí wọ́n dáná sun tí gbòǹgbò ṣì kù nílẹ̀. Nítorí náà ohun tá a máa ń bi ara wa ni pé, ṣé gbòǹgbò kù? Tí iná bá jẹ́ ti òkè nìkan, á ta, á gbóná, ọjọ́ mélòó kan ó ti tán. Tó bá wọlé sí i, ìléròrò á yọ, ojú ẹ̀ á tutù, á máa dun èèyàn wọnú eegun, ìyẹn sábà máa ń jiná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí kòkòrò ò bá wọ̀ ọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí kò dùn. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́, ojú ibẹ̀ á funfun tàbí kó dúdú, á gan, á le, wọ́n á fọwọ́ kàn án, á ní kò dun òun, àwọn ará ilé á wá máa dúpẹ́ pé ìyẹn ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò dùn ún torí pé iná ti jó iṣan tó ń mọ ìrora náà mọ́ ọn ni. Gbòǹgbò ò kù níbẹ̀ mọ́, etí egbò nìkan ni awọ á ti máa rá wá, tó bá sì fẹ̀ díẹ̀, àfi kí wọ́n bó awọ fẹ́lẹ́ láti itan ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Nǹkan kan tún wà níbí tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì, ara òyìnbó ló wà nínú àwòrán ẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ibi tó pupa. Lára tiwa ó lè má pupa rárá, ó lè kàn dúdú sí i tàbí kó rí bí àlùkò. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ṣé ó le, ṣé ó wú, ẹ fi wé apá kejì tí nǹkan ò ṣe. Kẹ́ ẹ má wo pupa kẹ́ ẹ tó gbà pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ó yá. Epo àkàrà ta sí ẹ lọ́wọ́, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe? (Nígbà tí mo béèrè èyí nínú gbọ̀ngàn, ìdáhùn ń ya lọ́tùn-ún lósì: ẹyin tútù, epo pupa, ọṣẹ ìfọyín, ògì, iyọ̀, jí-fí, òrí, kẹrosíìnì, ewé oríṣiríṣi. Ìyá àgbà kan lẹ́yìn ló sọ pé omi, mo ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún wọn.)

Omi ni. Omi tútù lásán, kì í ṣe èyí tó dì. Ìṣẹ́jú 20 gbáko. Tí ẹ̀rọ omi bá ń yọ, ẹ gbé ọwọ́ náà sábẹ́ ẹ̀, tí kò bá yọ, ẹ fi kóńgò máa bu omi kànga tó mọ́ dà á sí i, tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà lẹ ní nísọ̀, ẹ gé e létí kẹ́ ẹ máa ṣàn án sí i, ẹ̀yọ kan tẹ̀ lé òmíràn. Iná ti kú lóòótọ́ àmọ́ ooru ẹ̀ ṣì wà nínú ẹran ara, ó ṣì ń wọlé lọ, omi ló ń fà á jáde, ìdí tí ìṣẹ́jú méjì ò fi tó nìyẹn, márùn-ún náà ò tó. Tí wọ́n bá sì pè yín pẹ́, ẹ má ní ó ti bọ́, omi yẹn ṣì wúlò títí di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí iná jó èèyàn. Ẹ má lo áìsì bulọ́ọ̀kù o, á pa iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ dé, á tún ba èyí tí iná ò tíì bà jẹ́ jẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọdé, ibi tó jó nìkan ni kẹ́ ẹ da omi sí, ẹ fi aṣọ bo ìyókù ara ẹ̀ torí ọmọdé tètè ń tutù.

Bí omi ṣe ń dà lọ, ẹ yára bọ́ òrùka, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ bọ́ aago, ẹ gé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ, kí ibẹ̀ tó wú. Èmi alára ti bá wọn fi ayùn rẹ́ òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ obìnrin kan nígbà tí ìka ti wú bò ó mọ́lẹ̀, a ń rẹ́ ẹ, ó ń sunkún, ohun tó yẹ kí wọ́n ti bọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi ni. Aṣọ tó gbóná ẹ bọ́ ọ, èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara ẹ má fà á, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀. Tí omi bá ti tó, ẹ mú náílọ́nù tuntun tó mọ́, irú èyí tẹ́ ẹ fi ń di oúnjẹ, ẹ tẹ́ ẹ lé e lórí, ẹ má fi we yípo, tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ ki ọwọ́ náà bọ inú náílọ́nù náà. Ìléròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ fún un ní parasitámọ́ọ̀. Ó tán.

Wọ́n á ní, nọ́ọ̀sì, ẹyin ti ṣiṣẹ́ fún ìyá ìyá mi. Mo gbà pé ó jiná, iná òkè awọ á jiná kódà tẹ́ ẹ bá fi pàtẹ́wọ́ lásán sí i, ẹyin yẹn ò dá sí i. Ṣùgbọ́n lára èyí tó jinlẹ̀, kòkòrò ara ẹyin tútù ń rí oko tuntun ni. Epo pupa àti òrí ń dé ooru mọ́ inú. Ọṣẹ ìfọyín ń gbẹ, ń gan, jí-fí ń pa gbogbo ẹ̀ láró, ẹni tó wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìyẹn lójú egbò, a gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kúrò kí dókítà tó lè rí bí iná ṣe wọlé tó, ẹ wá wo ojú ọmọ ọdún méjì nígbà tá a bá ń fọ ògì gbígbẹ kúrò lójú ẹran pupa. Oyin nkọ́? Àwọn ọsibítù kan ń lo oyin lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti pa kòkòrò inú tiyẹn, kì í ṣe oyin inú ìgò ọjà.

Ẹ má rò pé àwọn oníṣègùn ò ṣe irú ẹ̀ rí o. Láti nǹkan bí 1925 lọ, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ohun kan tó ń jẹ́ tannic acid kun ojú iná, nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe awọ màlúù kó tó di bàtà. Ó ń gan lójú egbò, wọ́n sì gbà pé ó ń dáàbò bò ó, àmọ́ ìka ń ká, ojú kì í lè dé mọ́. Ìgbà ogun àgbáyé kejì ni Archibald McIndoe, ọmọ New Zealand tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní East Grinstead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń tọ́jú àwọn awakọ̀ òfúrufú tí ọkọ̀ wọn gbiná, ó kíyè sí i pé àwọn tó já sínú òkun, egbò tiwọn ń sàn ju tàwọn tó já sórí ilẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi iyọ̀ wẹ̀ wọ́n, iyọ̀ tí wọ́n wọ̀n o, ẹ má lọ da iyọ̀ ìkòkò sí egbò, ó sì bá wọn fà á títí wọ́n fi pa tannic acid tì. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an ni, torí dókítà ńlá ni wọ́n, wọ́n sì gbà láti mú ọwọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ gìrì, torí ó ń dùn mí. Ọmọ tí ibà mú tí gìrì wá gbé, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ló wọ́pọ̀, ara ẹ̀ á le, ojú ẹ̀ á yí, ẹ̀rù á ba gbogbo ilé, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sún mọ́ iná kó lè sunkún. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan lásìkò yẹn, kò lè fa ẹsẹ̀ ẹ̀ sẹ́yìn, ohun tí èmi àtẹ̀yin á fi fò sókè, á dúró sórí ẹ̀ títí á fi jóná. Gìrì náà á dáwọ́ dúró fúnra ẹ̀, ó sábà máa ń tán kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, ọmọ á jí, ibà á lọ, ìka ẹsẹ̀ ò sì ní padà wá. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un lágbo, ẹ wo aago. Tó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e, ọsibítù ló kàn, tó bá sì dáwọ́ dúró náà ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n wá ìdí ibà náà.

Wárápá náà ńkọ́. Obìnrin ń dáná, wárápá gbé e, ó ṣubú sórí ààrò, àwọn èèyàn sì dúró yí i ká tí wọn ò fọwọ́ kàn án torí wọ́n ní itọ́ ẹnu ẹ̀ á ràn wọ́n. Wárápá kì í ràn. Mo tún un sọ, kì í ràn, mo ti fọwọ́ nu itọ́ ẹnu wọn láìmọye ìgbà. Ẹ fà á kúrò lórí iná! Ẹni tó bá ní in nínú ilé yín, ẹ jẹ́ kó máa lo oògùn ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó nìkan dáná, ààrò ilẹ̀ yẹn ẹ gbé e ga.

Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì àti gáàsì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ tó: ẹ pa sítóòfù kẹ́ ẹ tó bu kẹrosíìnì sí i, ẹ má tọ́jú pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ìdáná, ẹ gbé sílíńdà síta. Tí iná bá ran aṣọ, ẹ má sáré, ẹ dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ yí gbiiri. Ti ásíìdì, omi púpọ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ti iná mànàmáná, ẹ pa á ní mítà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ẹni náà, kó sì dé ọsibítù bí egbò ẹ̀ ò tiẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, torí ó lè ti ba ọkàn àti ẹran inú lọ́hùn-ún jẹ́. Ẹni tó bá fa èéfín símú nínú yàrá tó tì, tí ohùn ẹ̀ ń há, tí dúdú wà nímú ẹ̀, ẹ má dúró da omi fún un, ẹ máa gbé e lọ, ọ̀fun ẹ̀ ń wú.

Àwọn wo ló yẹ kẹ́ ẹ gbé wá? Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí iná jó náà, pẹ̀lú ìka ẹ̀ tó pa pọ̀, jẹ́ bí ìdá kan nínú 100 ara ẹ̀. Ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tó bá ju ìyẹn lọ, ẹ wá. Tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú ara tàbí oríkèé, kó kéré bó ṣe wù kó kéré, ẹ wá. Èyí tó we apá tàbí ẹsẹ̀ ká, ẹ wá kíákíá. Ọmọ ọwọ́, àgbàlagbà, aláboyún, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ wá.

Àwọn kan ń rò pé dírípù tá a ń fa sí ẹni tí iná jó, owó la fẹ́ gbà. Mo ti ní omi ara ń jò lójú egbò, àbí? Ìṣirò kan wà tí Charles Baxter àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọsibítù Parkland nílùú Dallas láàárín ọdún 1960 sí 1969, a ṣì ń lò ó dòní: mílílítà mẹ́rin, lọ́nà kílò ara ẹni náà, lọ́nà ìdá ara tó jó. Ọkùnrin tó wọn kílò 70 tí ìdá 20 nínú 100 ara ẹ̀ jó, ìyẹn jẹ́ mílílítà 5,600, ó ju lítà márùn-ún lọ, ìdajì ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́jọ láti ìgbà tí iná ti jó o, kì í ṣe láti ìgbà tẹ́ ẹ dé géètì wa. Tẹ́ ẹ bá fi wákàtí márùn-ún wá elégbòogi kiri, wákàtí mẹ́ta ló kù fún wa láti fa omi wákàtí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì á jókòó ti àpò ìtọ̀, wákàtí kan sí wákàtí kan, ó kéré tán ó yẹ kí ọkùnrin yẹn máa tọ̀ tó mílílítà 35 ní wákàtí kan, tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, omi ò tíì tó nìyẹn, kíndìnrín ẹ̀ wà nínú ewu. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni yín ní wọ́ọ̀dù, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé mélòó ló tọ̀, kò sí nọ́ọ̀sì gidi tó máa bínú sí ìbéèrè yẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Ara tó jó púpọ̀ ń jẹ oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ gan-an, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, torí ó ń kọ́ awọ tuntun. Ẹ̀wà, ẹja, ẹran, mọ́ínmọ́ín, wàrà. Ẹyin tẹ́ ẹ fẹ́ fi pa á lára, ẹ sè é kó jẹ ẹ́.

Ìgbà tí egbò bá ń jiná ni ọ̀rọ̀ tó le jù fún ẹbí máa ń bẹ̀rẹ̀, torí àpá iná máa ń fà. Ipò tó bá tu aláìsàn lára, ibẹ̀ ni àpá á dì í mọ́. Ẹni tí ọrùn ẹ̀ jó á fẹ́ sùn lórí ìrọ̀rí, kó tẹ orí síwájú, ó tù ú lára lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀ àgbọ̀n ẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ àyà. A kì í fún un nírọ̀rí. Ọmọ tó di ìkòkò gbígbóná mú, a máa ń we ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gọ́ọ̀sì láàárín ìka méjì méjì, torí tẹ́ ẹ bá we gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ wọ́n á jiná pa pọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ á wà ní nínà, abíyá á wà ní gbígbé sókè, físíò, ìyẹn ẹni tó ń bá aláìsàn na ara, á máa wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, aláìsàn á máa pariwo, ẹ̀yin ẹbí á máa wò wá bí ìkà. Ká tó ṣe é a máa ń fún un ní oògùn ìrora níwọ̀n ààbọ̀ wákàtí ṣáájú, a sì ń fi omi iyọ̀ rin báńdéèjì tó lẹ̀ títí á fi tú fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń fà á ya láìrin, ẹ ní kó dúró, ẹ ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀, awọ tuntun ló ń fà kúrò yẹn.

Tí awọ bá wá ti dé pátápátá, òrí tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i lọ́jọ́ kìíní, àsìkò ẹ̀ nìyí, ẹ fi máa pa á, ẹ máa wọ́ ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ bò ó kúrò nínú oòrùn. Á yún yín, á wú, ó lè tó ọdún kan sí méjì kó tó rọ̀. Àpá tó bá ń wú kọjá ibi tí egbò dé, kílọ́ìdì nìyẹn, ó wọ́pọ̀ lára àwa dúdú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi abẹ lásán gé e torí á padà wá, á sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, abẹ́rẹ́ wà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bóra náà, ẹ dákun, awọ tí kírímù ìbóra ti jẹ fẹ́lẹ́, abẹ́rẹ́ ìrán ń fà á ya ni, a rán an lọ́tùn-ún ó já lósì.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, mo dé ọ̀dọ̀ yín. Sàlẹ́ńsà tó ń jó ojúgun àwọn tẹ́ ẹ gbé, omi náà ni, ìṣẹ́jú 20 náà ni, ẹ má bu ẹ́ńjìnì ọ́ìlì pa á.

Eegun náà mọ iṣẹ́ ẹ̀. Tó bá kán, ẹ̀jẹ̀ á dì sójú ibẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan eegun rírọ̀ á hù dí i, á wá le. Apá àgbàlagbà sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ojúgun lè gba 12 sí 16, ọmọdé máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wa ò ju pé kó dúró sójú kan, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n á fi Róòbù wọ́ ọ, wọ́n á fà á, wọ́n á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé ló burú jù, tẹ́ ẹ bá ń wọ́ ọ, eegun lè hù sínú ẹran tí kò yẹ kó hù sí, apá náà ò ní lè ká mọ́. Ibi tẹ́ ẹ bá bá a ni kẹ́ ẹ ti dì í, bó ṣe rí ni kẹ́ ẹ ṣe dì í, ẹ fi pákó tàbí páálí tó le tì í, kó kọjá oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀. Eegun tó bá yọ síta, ẹ má tì í padà, aṣọ mímọ́ ni kẹ́ ẹ fi bò ó, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Itan tó kán, ẹ̀jẹ̀ tó lè dà sínú ẹ̀ láìkán síta lè tó lítà kan sí kan àtààbọ̀, ẹ má fi ọ̀kadà gbé e. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn lẹ́yìn jàm̀bá, ẹ má gbá a mọ́ra jù sínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin gbé e lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ gbọọrọ, ẹ pe 112, tó bá jẹ́ Èkó ẹ lè pe 767.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ yín á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ọsibítù eegun Igbóbì tó wà l'Ékòó, láti 1945 ló ti wà, àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ fún, àmọ́ àwọn tó ń to eegun ti wà ṣáájú ẹ̀, owó wọn rọrùn, wọ́n wà nítòsí, àwọn kan nínú wọn ní ọwọ́ tó dáa. Mi ò wá bá wọn jà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń dì í, ọparun àti okùn tí wọ́n fún pinpin. Lẹ́yìn tí eegun bá kán, ẹran ibẹ̀ á wú, tí kò bá ríbi wú sí, á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ẹran náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín bí wákàtí mẹ́fà. Ọmọ á máa ké, wọ́n á ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe oògùn! Ìrora tó ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n dì í, tó tún le sí i tẹ́ ẹ bá na ìka ẹ̀, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá ẹni tó dì í. Ẹ tẹ èékánná ẹ̀ títí á fi funfun, ẹ jù ú sílẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tí kò bá padà, tí ìka tutù, tó kú tipiri, ẹ má retí àárọ̀. Pí-ó-pí tiwa náà, ohun funfun tó ń le tá a fi ń di eegun lọ́sibítù, lè fún jù o, bákan náà ni kẹ́ ẹ ṣe, ẹ gbé e padà wá lóru, a ó gé e. Nígbà tí ìka bá ti dúdú tó ń rùn, gígé ló kù, mo sì ti di ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n gé, tó jẹ́ pé eegun tó kán níbẹ̀ ò ju kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan fi jiná lọ.

Ìbéèrè kan ni mo lè dáhùn kí wọ́n tó gba máíkì lọ́wọ́ mi. Bàbá kan ní ìyá àwọn ṣubú ní báfùrúùmù, eegun ìbàdí kán, wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì látìgbà náà, egbò sì fẹ́ yọ ní ìdí wọn, ṣé kí àwọn fi sípíríìtì máa wọ́ ibẹ̀. Ẹ ṣé sà. Rárá o. Sípíríìtì á gbẹ awọ, wíwọ́ á ba ẹran abẹ́ ẹ̀ jẹ́. Eegun ìdí ló ń tẹ awọ mọ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀jẹ̀ ò fi lè kọjá. Ẹ yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, ọ̀tún, ẹ̀yìn, òsì, lóru náà, kí àwọn ọmọ pín in láàárín ara wọn. Ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ wọn má kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má fà wọ́n lórí ṣíìtì, ẹ gbé wọn. Tí wọ́n bá tọ̀ sára, ẹ nù wọ́n gbẹ kíá. Ẹ máa fọwọ́ kan ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ibi tó bá gbóná tàbí tó le ju ìyókù lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún fi ibẹ̀ sùn títí á fi rọ̀. Kẹ́ ẹ sì gbé wọn wá sí kílíníìkì wa lọ́sẹ̀ yìí, torí ìbàdí tó kán, iṣẹ́ abẹ wà fún un tó lè gbé wọn dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.